Ìrìn-Àjò Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì: Àníyàn, Àdéhùn àti Àbọ̀

Bismillāhi-r-Rahmāni-r-Rahīm.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ kí ẹ̀dá lè máa rìn lórí rẹ̀, Ọba tí ó fi ìmọ̀ gbé ẹni tí ó wù ú ga. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.



Ní ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí a parí Àsàlátù tán, arákùnrin kan dúró dè mí lẹ́yìn mọ́sálásí. Olùkọ́ ni ní yunifásítì kan nílẹ̀ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ náà ló rán an lọ sí òkè òkun kí ó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kẹ́míkà. Owó ilé ni wọ́n fi rán an. Kí ó tó lọ, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òun yóò padà wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún iye ọdún kan. Ìsinmi ló bá wálé nígbà tí a ríra. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá mi lọ́hùn-ún ní kí n dúró ti òun, wọ́n ti fún mi níṣẹ́. Ẹ̀rọ tí mo ń lò níbẹ̀, kò sí irú rẹ̀ níbi tí mo ti wá. Bí mo bá padà, ìwádìí mi kú nìyẹn. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá dúró?"

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ó fún mi láàyè kí n wádìí. Ohun tí mo kà, ohun tí mo rò, àti ohun tí mo bi àwọn aáfà tí ó jù mí lọ ni mo kọ sílẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ló ti ń kó ìwé ẹ̀rí jọ. Àwọn mìíràn ń dúró de físà. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní jápa ti di ọ̀rọ̀ àárọ̀ àti ọ̀rọ̀ alẹ́. Ó yẹ kí ẹ̀sìn wa ní ohun tí yóò sọ sí i.

ÌRÌN-ÀJÒ NÍTORÍ ÌMỌ̀ KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ìyẹn kúrò nílẹ̀. Ànábì Músá, ẹni tí Ọlọ́hun bá sọ̀rọ̀, gbéra ó rìn títí ó fi rẹ̀ ẹ́, nítorí pé ó gbọ́ pé ẹnì kan wà tí ó ní ìmọ̀ tí òun kò ní. Ìtàn náà wà nínú Súrátùl-Kahf. Bí ẹni tí a fún ní Taorátà bá lè rin ìrìn-àjò lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ta ni èmi àti ìwọ tí a ó sọ pé èyí tí a mọ̀ ti tó? Jábír ọmọ Abdullah, Sàhábé Ànábì, ra ràkúnmí, ó rin ìrìn oṣù kan lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù lọ bá Abdullah ọmọ Unays, kí ó lè gbọ́ hádíìsì kan lẹ́nu rẹ̀. Hádíìsì ẹyọ kan ṣoṣo!

Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra nípa ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń gbọ́ níbi wáàsí, èyí tí ó ní kí á wá ìmọ̀ dé ilẹ̀ Ṣáínà. Àwọn onímọ̀ hádíìsì ti sọ pé kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kò sí ohun tí a fẹ́ fi í ṣe. Èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú Sahīh Muslim ti tó wa, tí ó fi yé wa pé ẹni tí ó bá tọ ọ̀nà kan nítorí ìmọ̀, Ọlọ́hun yóò tipa bẹ́ẹ̀ mú ọ̀nà Aljánà rọrùn fún un.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń lọ kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni pé kí ni ìrìn-àjò ń fún onímọ̀, kí ni ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí sì ni gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀?

OHUN TÍ ÌRÌN-ÀJÒ Ń FÚN ONÍMỌ̀

Ẹní bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ wo Abú Rayhán al-Bírúní, tí a bí ní ọdún 973 ní ilẹ̀ Khwarazm, tí apá kan rẹ̀ wà ní Uzbekistan lónìí. Ní ọdún 1017, Sultan Mahmud ti Ghazna ṣẹ́gun ilẹ̀ wọn, ó sì kó òun àti àwọn onímọ̀ mìíràn lọ sí Ghazna, ní ilẹ̀ Afghanistan. Kì í ṣe òun ló yan ìrìn-àjò yẹn fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà Íńdíà là fún un, kò fi ẹkún ṣe iṣẹ́. Ó kọ́ èdè Sanskrit, ó jókòó ti àwọn onímọ̀ ibẹ̀, ó sì kọ ìwé ńlá nípa ìlú wọn ní nǹkan bí ọdún 1030. Ní odi Nandana, tí ó wà ní Pakistan lónìí, ó rí òkè kan tí ó dojú kọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbalasa. Ó wọn gíga òkè náà, ó gun orí rẹ̀, ó wo ọ̀ọ́kán níbi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀, ó wọn bí ibẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ sí ojú tó, ó sì fi ìṣirò yẹn mọ bí ayé ṣe tóbi tó. Iye tí ó rí sún mọ́ èyí tí a mọ̀ lónìí gan-an. Ìṣirò ti wà nínú orí rẹ̀. Ìrìn-àjò ló gbé e dé iwájú òkè.

Ní ayé tiwa, ẹ wo Ahmed Zewail, ọmọ Íjíbítì, tí a bí ní ìlú Damanhur ní ọdún 1946. Yunifásítì Alexandria ló ti kọ́kọ́ kàwé. Ní 1969, ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Pennsylvania ní 1974, ó sì di olùkọ́ ní Caltech ní ìpínlẹ̀ California ní 1976. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe ń já kúrò lára ara wọn, tí wọ́n sì tún ń so pọ̀ mọ́ òmíràn. Nǹkan wọ̀nyí yá ju kí ojú ṣẹ́ lọ. Bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí bílíọ̀nù kan, tí ẹ tún mú ìdá kan nínú rẹ̀ tí ẹ pín in sí mílíọ̀nù kan, irú ìwọ̀n àkókò yẹn ló ń bá ṣiṣẹ́. Iná laser tí ń kọ mànà ló fi ń yà wọ́n bí ẹni ya fọ́tò. Ní 1999, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́míkà.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ iná mànàmáná tí kì í lọ, ẹ̀rọ olówó ńlá, ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ tún ṣe, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó já fáfá, àti owó tí kò ní dá dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Làákàyè Zewail, Ọlọ́hun ló fún un, Íjíbítì ló sì kọ́kọ́ tọ́ ọ. Àwọn ohun yòókù, àjò ló ti bá wọn. Ẹni tí ó bá sọ fún onímọ̀ pé kí ó jókòó sílé láìsí iná, láìsí ẹ̀rọ, kò ṣe é lóore.

OHUN TÍ ÌRÌN-ÀJÒ Ń GBÀ

Ṣùgbọ́n àjò kì í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Aziz Sancar jẹ́ ọmọ ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Savur ní Tọ́kì. Ọmọ mẹ́jọ ni ìyá rẹ̀ bí. Àwọn òbí rẹ̀ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé àwọn ọmọ kàwé. Ó di dókítà ìṣègùn ní Istanbul ní 1969, ó sì tọ́jú aláìsàn ní agbègbè rẹ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà, èdè Gẹ̀ẹ́sì lé e padà sílé. Ó tún lọ. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Texas ní 1977. Ẹ̀yin ará, dókítà ìṣègùn tí ó tún gba oyè ọ̀mọ̀wé lé e, kò rí yàrá ìwádìí tí yóò gbà á ní ipò tí ó tọ́ sí i. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ tí ń bá àwọn onímọ̀ tọ́jú yàrá ìwádìí ló gbà ní Yale. Ó fara mọ́ ọn, ó ń ṣe ìwádìí lọ. Ní 1982, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì North Carolina. Ní 2015, ó wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel, nítorí pé ó ṣàlàyé bí sẹ́ẹ̀lì inú ara ṣe ń tún DNA rẹ̀ tí ó bàjẹ́ ṣe.

Ẹ kíyè sí i. Oyè kì í sábà bá olówó rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀gá níbí lè di ọmọ iṣẹ́ lọ́hùn-ún. Sancar borí, ṣùgbọ́n a kò ka orúkọ ọ̀pọ̀ tí ìmọ̀ wọn ṣòfò sídìí iṣẹ́ tí kò bá ìwé wọn mu. Kí ẹni tí ń lọ mọ èyí kí ó tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ohun kejì tí àjò ń gbà ni ìbéèrè tí onímọ̀ ń bi. Ẹni tí ń sanwó ìwádìí ló ń yan ohun tí a ó wádìí. Arákùnrin tí ó ti ń wádìí ibà àti ẹ̀fọn kí ó tó lọ lè bá ara rẹ̀ nídìí àìsàn tí ń ṣe àwọn àgbàlagbà ìlú òtútù. Iṣẹ́ rere ni, aláìsàn ni aláìsàn. Ṣùgbọ́n iṣu tí ń jẹrà nínú àká wa, kànga tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru sí ọmọ wa lára, ta ni yóò bi ìbéèrè wọn bí gbogbo ẹni tí ó mọ ìbéèrè bá lọ tán?

Ohun kẹta ni ẹbí. Ìyá a máa kú kí ọmọ má lè wá kírun sí i lára, nítorí pé ìwé ìgbélùú kò tíì jáde. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ̀yin arábìnrin, mo mọ̀ pé ẹ̀ka tiyín le jù. Arábìnrin kan tí ó gba oyè kejì nínú ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí kọ̀wé sí mi. Ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Ọkọ ń lọ sí yàrá ìwádìí láràárọ̀. Òun wà nílé pẹ̀lú ọmọ méjì, físà rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àpótí. Ó ní ọdún márùn-ún nìyẹn, òun kò mọ ohun tí ó ń lọ mọ́ nínú ìmọ̀ òun. Ẹ̀yin ọkùnrin, ìmọ̀ ìyàwó yín náà, àmánà Ọlọ́hun ni. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìrìn-àjò, ẹ jókòó ṣe ìmọ̀ràn lórí tirẹ̀ pẹ̀lú tiyín. Ẹ má gbàgbé Fátímà al-Fihrí, tí ìdílé rẹ̀ ṣí láti Qayrawān lọ sí ìlú Fez. Ìtàn sọ pé ogún tí ó jẹ ló fi kọ́ mọ́sálásí Qarawiyyīn ní 859, èyí tí ó di ilé ìmọ̀ ńlá. Obìnrin tí ó ṣí kúrò ní ìlú rẹ̀ náà lè ṣe ohun tí yóò pẹ́ ju ìlú lọ.

ÀBỌ̀ NI ÀJÒ

Nínú Súrátù Tawbah, ní áyà 122, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé kò yẹ kí gbogbo onígbàgbọ́ jáde lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí apá kan nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan gbéra, kí ìmọ̀ lè wà, kí wọ́n sì lè kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn wọn nígbà àbọ̀. Àwọn onítúmọ̀ yàtọ̀ lórí bóyá àwọn tí ó jáde ló ń kọ́ ìmọ̀ ni tàbí àwọn tí ó dúró. Ọ̀nà yòówù kí a gbà wò ó, ìmọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn. Ìmọ̀ tí kò padà dé ilé kò tíì parí ìrìn-àjò rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, ọmọ Kamẹrúùnù, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó lọ sí Harvard, ó sì padà wá sí ilẹ̀ wa. Ó di olórí ibùdó ìwádìí àìsàn àkóràn tí wọ́n ń pè ní ACEGID nígbà náà ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ. Ní oṣù Keje 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àìsàn Ebola wọ Èkó láti Liberia. Ibùdó Ẹdẹ yìí wà lára àwọn tí ó fi àyẹ̀wò múlẹ̀ pé Ebola ni, láìdúró de ìlú òyìnbó. Ogún ènìyàn ni ó kó o, mẹ́jọ nínú wọn kú, títí kan dókítà obìnrin tí ó kọ̀ láti jẹ́ kí arìnrìn-àjò náà kúrò ní ọsibítù. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n kéde pé àìsàn náà ti tán nílẹ̀ wa. Ní 2020, nígbà tí kòrónà dé, ibùdó kan náà ló kọ́kọ́ ka àkójọ jíìnì kòkòrò náà ní ilẹ̀ Áfíríkà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kò já okùn tí ó so ó mọ́ Harvard. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń ránṣẹ́, wọ́n ń ránṣẹ́ sí i.

Ẹnì kan lè sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Kristẹni ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ojú má tì wá láti kọ́ ẹ̀kọ́ lára ẹni tí ó ṣe dáadáa. Àwọn Mùsùlùmí náà ti dá Yunifásítì Al-Hikmah sílẹ̀ ní Ìlọrin, Crescent ní Abẹ́òkúta àti Fountain ní Òṣogbo. Àwọn wo ni yóò kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀?

Síbẹ̀, kí á má purọ́ nítorí Ọlọ́hun. Ilé náà jẹ̀bi. Láti ìgbà ètò SAP ní 1986 ni owó oṣù olùkọ́ yunifásítì ti di yẹpẹrẹ, tí ọ̀pọ̀ wọn sì gbéra lọ sí Saudi Arabia, South Africa, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ kò tán, iná kò dúró. Zewail tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fẹ́ kọ́ ìlú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún Íjíbítì. Wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 2000, iṣẹ́ náà sì dúró títí di 2011, lẹ́yìn ìyípadà ìjọba. Ọkùnrin náà kú sí Amẹ́ríkà ní 2016, Íjíbítì ni wọ́n sin ín sí. Onílé tí kò ṣílẹ̀kùn, kí ó má bínú pé àlejò kò wọlé. Ẹ̀yin aláṣẹ tí ìwé ìròyìn yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ ó jíhìn fún èyí lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

ÀDÉHÙN ÀTI ONÍDÙÚRÓ

Mo wá padà sọ́dọ̀ arákùnrin mi. Nígbà tí a tún ríra, mo bi í léèrè ohun kan: "Ta ló ṣe onídùúró fún ọ nínú ìwé àdéhùn yẹn?" Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé tíṣà àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ni, bàbá tí ó máa ń jókòó ní sàfù àkọ́kọ́ ní mọ́sálásí wa. Mo ní: "Bí o bá sá, ọ̀dọ̀ ta ni wọn yóò lọ?"

Ẹ̀yin ará, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà gan-an nìyí. Ìbẹ̀rẹ̀ Súrátùl-Mā'idah ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ fún onígbàgbọ́ pé kí ó mú àdéhùn ṣẹ. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka yíyẹ àdéhùn àti jíjẹ àmánà mọ́ àmì munáfíkì. Owó tí a fi rán ọ, owó gbogbo ènìyàn ni. Àyè tí o gbà, ẹlòmíràn ló pàdánù rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé kí onímọ̀ gbé ní òkè òkun, kí ó sì jẹ hàlálì níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ó fi orúkọ àgbàlagbà dógò, kí ó wá yí orúkọ padà sí "ìwádìí mi".

Bí ó bá sì ní ìdí tí ó le, ọ̀nà wà. Kí ó lọ bá àwọn tí ó bá dá májẹ̀mú, kí ó bẹ̀bẹ̀ fún àkókò sí i, tàbí kí ó san owó tí ìwé àdéhùn sọ, kí wọ́n tú u sílẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Sísá ní ìdákẹ́jẹ́ ni kò sí nínú ẹ̀sìn wa.

Arákùnrin náà kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n fún un ní ọdún kan sí i kí ó parí ìwádìí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti padà báyìí. N kò ní tàn yín pé gbogbo ọjọ́ ni inú rẹ̀ ń dùn. Iná ń lọ lórí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tí ó fẹ́ kò sí. Bí ìsinmi gígùn bá dé, á kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, á lò ó lórí ẹ̀rọ ibẹ̀, á sì padà. Ṣùgbọ́n ó ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí ó ń tọ́, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ ń fọ́ òkúta. Bàbá onídùúró ṣì ń jókòó ní sàfù àkọ́kọ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN

Ìwọ tí o ń gbèrò láti lọ, mú márùn-ún yìí dání.

1. Tún àníyàn rẹ ṣe. Ohun tí ènìyàn gbèrò ni yóò rí gbà. Bí owó ni o ń wá, wá a ní hàlálì, kí o má sì pè é ní ìmọ̀.

2. Má fi ìwé ẹ̀rí ayédèrú tàbí irọ́ gba físà. Ìrìn-àjò tí a fi irọ́ bẹ̀rẹ̀, àlùbáríkà rẹ̀ jìnnà.

3. Mú ìbéèrè kan láti ilé lọ. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ. Bí wọ́n bá fún ọ ní iṣẹ́ mìíràn, ṣe é, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìbéèrè ilé kú.

4. Bí o kò bá lè padà pẹ̀lú ara, padà pẹ̀lú ìmọ̀. Tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ọ̀hún, fi ìwé ránṣẹ́, wá kọ́ni fún oṣù kan nígbà ìsinmi. Sancar àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé kan sílẹ̀ ní North Carolina fún àwọn ọmọ Tọ́kì tí ń kàwé níbẹ̀. Owó tí o ń fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n kò lè dúró níwájú pátákó kí ó kọ́ ọmọ.

5. Ìwọ tí o kò lọ, má fojú kéré ara rẹ. Ẹni tí ó dúró ni ó ń ṣọ́ ilé tí ẹni tí ó lọ yóò padà sí.

Ọlọ́hun Ọba, fún wa ní ìmọ̀ tí ó wúlò. Ṣọ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi, má jẹ́ kí wọ́n sọ ẹ̀sìn nù níbi tí wọ́n ti ń wá ìmọ̀. Fún àwọn tí ó padà ní sùúrù, fún àwọn tí ó dúró ní ìrànlọ́wọ́, kí o sì fún àwọn aláṣẹ wa ní ojú àánú. Má jẹ́ kí a jẹ́ ẹni tí onídùúró rẹ̀ yóò kábàámọ̀ láyé, tàbí lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Āmīn.